Mò Ń Ṣa Òkun

Iná tún lọ ní Ìlọrin.
Mo gbé awò sún mọ́ fèrèsé,
mo da erùpẹ̀ sórí àwo dúdú,
mo fi itọ́ rin imú búrọ́ọ̀ṣì,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà.

Ìyá mi àgbà ní Ìgbájà ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí,
kò mọ̀ pé òun kọ́ mi.
Ìrẹsì ọjọ́ Iléyá, tíréè mẹ́ta:
"Kúbúrá, má fojú fò ó o.
Òkúta kan péré ló ń ká àlejò léyín."
Nígbà yẹn, mò ń ṣa òkúta dànù.
Lónìí, òkúta ni mò ń ṣà pamọ́.

Ẹyọ iyọ̀ kan àti ọ̀kan nínú wọn, ẹgbẹ́ ni.
Ọmọ ìyá edé, ọmọ ìyá akàn,
ṣùgbọ́n wọ́n wọ ìkarahun méjì
bí ẹ̀wà ṣe wọ èèpo.
Ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì nílẹ̀ Ògùn
ni wọ́n ti bá bọ́ọ̀sì wá, nínú ọ̀rá;
torí òkúta tiwa níhìn-ín,
inú iná ni wọ́n ti sè é,
kò rántí ohun abẹ̀mí kankan.

Èyí tó nípọn, tó rí kókó-kókó bí awọ ọ̀nì,
etíkun ló gbé, ìgbì gbá a ní àgbátúngbá.
Èyí tó dán, inú ẹrẹ̀ tó parọ́rọ́ ló sùn sí.
Bí ìkarahun méjèèjì bá ṣì di mọ́ra,
erùpẹ̀ tètè bò ó nìyẹn.
Bó bá ku ẹyọ kan, omi ló gbé ìkejì lọ.
Mi ò bi í pé síbo.

Lẹ́yìn náà ni mo kan èyí tí kò lójú.
Kì í ṣe pé ojú fọ́ o:
ibi tí kókó ojú ì bá wà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.
Àwọn baba ńlá rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú omi
títí ìmọ́lẹ̀ fi padà lẹ́yìn wọn;
ojú wá di ẹrù, wọ́n sọ ọ́.
Omi jìn níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Irú rẹ̀ kò sì pẹ́ láyé:
ẹni tí kò lójú
ni mo fi mọ ibi tí àkókò gbé yọjú.
Ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún, bó lé, bó dín.

Mo pe Ìyá lórí fóònù. Òun náà ò ríran mọ́,
ìka ló fi ń ṣa ìrẹsì báyìí.
Mo ròyìn títí. Ó dákẹ́. Ó ní:
"Òkun yẹn, ṣé ó ṣì ń rùn?"

Mo tú ọ̀rá,
mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ kí n tó dá a lóhùn.