Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo

Aago mẹ́rin ìdájí. Ìsàlẹ̀-Àfọ́n ṣì ń sùn.
Mo ki íápíìsì bọ etí.
Ọkùnrin kan láti ìlú òtútù ń bá obìnrin kan dúnàádúrà yàrá;
ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀,
ó ń gbé ìdí ọ̀rọ̀ mì bí òkèlè gbígbóná.
Eélòó lowó ilé? Fìfítíìnì ni àbí fífítì?
Mo kọ ọ̀kan, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ.

Èmi tí mo mọ ogun yàtọ̀ sí ogún,
tí mo mọ òógùn ojú yàtọ̀ sí oògùn inú ìgò,
tí mo ń gbọ́ èémí aláìsàn láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù
kí ẹnikẹ́ni tó tan iná,
owó yàrá àjèjì ló wá sọ mí di adití.

Ìbéèrè keje ń bọ̀. Mo dá èémí dúró.
Máńgòrò kan já lu páànù: gbàgà!
Ó yí, ó yí, ó dé ilẹ̀.
Ìdáhùn ti kọjá lọ.
Àwọn tó gba owó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ mi
ò mọ̀ pé máńgòrò ti pọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà sọ nǹkan láti yàrá kejì,
gbólóhùn kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ògiri sọ ọ́.
Mo yọ íápíìsì. "Ẹ ní kí ni, Màmá?"
Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́.
"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ ọ́, Àwẹ̀ró."

Mo bẹ̀ wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́.
Àlàfo kan ṣì wà lórí ìwé mi;
òmíràn wà tí n kò mọ ibi tí mo máa kọ ọ́ sí.