Ìlu Tí Kò Ní Okùn

Ọ̀kẹ́ méjì ó dín ẹgbẹ̀rún kan ni mo dì sétí ìró,
owó kọ́tìnì ilé mẹ́ta,
owó tó gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé.
Bí mo bá rán kọ́tìnì tán, tí mo lọ̀ ọ́, tí mo ká a,
Ṣógbàmú káfíńtà ni mo tún ń bẹ̀
kó wá bá mi lu ihò tí irin rẹ̀ yóò fi kọ́.
Ihò kan, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.
Fèrèsé kan, ihò mẹ́rin.
Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ kàwé.
Yóò ní òun ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá,
yóò dé nígbà tí adìẹ ń wọlé,
yóò ní iná ò sí, okùn òun ò gùn tó,
oníbàárà á sì máa wò mí bí ẹni wo olè.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró ní Pánṣẹ́kẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀,
níwájú ṣọ́ọ̀bù Bísíríyù onírin,
tí mo ń wo ìlu.
Kì í ṣe ìlù o, kì í ṣe ìlú;
ìlu, èyí tí ń lu ògiri já,
tí kò ní okùn nídìí, bí ewúrẹ́ tó já.

Mẹ́ta ló tò síwájú mi.
Àkọ́kọ́, aláwọ̀ ìyeyè, tòkunbọ̀, orúkọ rẹ̀ ńlá.
Mo gbé e, ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn.
Mo tẹ̀ ẹ́, ó ké ramúramù,
ó mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.
"Bátìrì ló fẹ́ jẹun," Bísíríyù wí.
Mo ní àgbà tó ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́,
ta ni yóò bọ́ ọ nílé mi,
níbi tí iná ti ń wá bí àlejò?

Èkejì pupa, tuntun, nínú àpótí tó ń dán,
bátìrì méjì, ẹnu ìlu mẹ́rìnlélógún,
wọ́n kọ fóòtì méjìdínláàádọ́ta sí i lára,
ọ̀kẹ́ kan àtààbọ̀ péré.
Ojú mi kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.
Mo wá gbé bátìrì náà sọ́wọ́: ó fúyẹ́ bí páálí ìṣáná.
Aṣọ ni mo ń rán, ẹ má tàn mí.
Mo mọ àǹkárá tí ń ṣí ní fífọ̀ àkọ́kọ́,
ohun tí wọ́n kọ sétí rẹ̀ kò sì ṣí.

Ẹ̀kẹta kéré. Àwọ̀ ewé, bátìrì kan ṣoṣo,
fóòtì méjìlá, kò ṣe fújà jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógójì, kò sì gbà kí n ná an.
Mo ní kó gbé pákó wá.
Ó mú àfọ́kù ìrókò kan lábẹ́ tábìlì.
Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀,
ó ń kùn bí ẹni tí ń gbìyànjú láti rántí nǹkan,
ìyẹ̀fun igi ń dà sí mi lẹ́sẹ̀, ó ń ta sánsán.
Kò yára. Ó já sí òdìkejì.

"Ṣé yóò lu ògiri Ìbarà?"
Bísíríyù họ irùngbọ̀n.
"Bulọ́ọ̀kù, yóò lu ú. Kankéré, ẹ ó bẹ̀ ẹ́.
Òkúta Ẹ̀gbá, àǹtí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó dá a."
Òótọ́ yẹn ni mo sanwó fún.

Ó ku ẹgbàá náírà.
Mo fi ra ẹnu ìlu mẹ́ta,
mo fẹsẹ̀ rìn dé Ìtòkò,
ọ̀kadà ń pè mí, n kò yà.

Iná dé ní aago méjì òru.
Ojú pupa kan là lára ṣájà bí ojú ológbò,
mo jókòó tì í títí ó fi di àwọ̀ ewé.

Ihò àkọ́kọ́, n kò lu ú nílé oníbàárà.
Ìyẹ̀wù ìyá mi ni,
ògiri amọ̀ tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ.
"Rọra o, Àwẹ̀ró."
Erùpẹ̀ pupa dà sórí ìrọ̀rí rẹ̀.
Ihò náà tóbi jù, ìṣó ń mì nínú rẹ̀ bí eyín ọmọdé,
mo fi páálí há a,
kọ́tìnì ṣì ń wọ̀ sápá òsì.
Ìyá mi ní ó tó bẹ́ẹ̀, kí n má fọwọ́ kàn án mọ́.
Mo ní mo gbọ́.
Mo ti ń wọn fèrèsé kejì.