Àga Kékeré

Yìnyín ti dí ọ̀nà Fort Kent láti òru,
síbẹ̀ Dókítà Odette Cyr dé,
bàtà rẹ̀ ń ro omi sílẹ̀ kíláàsì wa.
Àga ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà nìkan la ní.
Ó jókòó sí i, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n,
kò béèrè òmíràn.

Ọ̀gá ilé ìwé wà níbẹ̀,
àti Claudine, ìyá Rémi, tó ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀,
erùpẹ̀ ọ̀dùnkún ṣì wà ní èékánná rẹ̀.
Ìwé kan ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́:
"Ọmọ yìí ń sùn. Kò fẹ́ kọ́ nǹkan kan. Ọ̀lẹ ni."

Èmi ni mo kọ ọ́.
Mo tilẹ̀ fi rúlà fàlà sábẹ́ "ọ̀lẹ".

Dókítà kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
"Aago mélòó ni oorun náà máa ń dé?"
Ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
Mo ní, "Bí aago mẹ́wàá, ìgbà tá a bá ń ka lẹ́tà."
Ó yíjú sí Claudine: "Òògùn wárápá ńkọ́?"
"Bí bọ́ọ̀sì bá ti fun fèrè.
Ìgbà tí mo bá dé nìkan ni mo ń fojú kàn án."

Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ìyá rẹ kì í pa rósárì alẹ́ jẹ, àbí?
Láti ìgbà tí mo ti gbẹ̀bí ìwọ gan-an ni mo ti mọ̀ ọ́n.
Kí Alphonsine fún un ní èyí tó pọ̀
kó tó mú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́.
Díẹ̀ péré ni kó kù fún òwúrọ̀."
Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ilé ìwé, ó fọwọ́ sí i,
ó fọwọ́ ti ògiri kó tó lè dìde.

Ẹni tó sùn là ń jí.
Èmi ti pè é ní apirọrọ.
Kò sì sẹ́ni tó bá mi wí;
ìyẹn ló ká mi lára jù.

Rémi kò tíì sọ̀rọ̀ di òní.
Wárápá náà kò kó ẹrù rẹ̀ lọ.
Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́wàá àná
ọkọ̀ tó ń kó yìnyín ń kọjá lọ,
ó sáré lẹ imú mọ́ fèrèsé,
ó padà wá fa apá aṣọ mi
pé kí n wá wò ó.

Mo ṣí ìwé mi. Mo kọ ọ́: "Ó jí."
Mi ò fa ìlà kankan sábẹ́ rẹ̀.