Gílóòbù Kan Ṣoṣo

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Ṣílè,
níbi tí òkun ti fa òkè ya bí aṣọ tó ti gbó,
òjò kì í dá, ńṣe ló máa ń sinmi díẹ̀.
Ibẹ̀ ni Ersília ń gbé.
Títì kò dé ibẹ̀. Wáyà iná kò mọ̀nà ibẹ̀.

Ó jí kí ojúmọ́ tó jí.
Ó fẹ́ ẹyín iná àná, ẹyín iná dá a lóhùn.
Ó mọ igi tó ń jó lọ́wọ́ yìí,
èyí tó ní kókó, tó gún un lọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Jó, ó ní, jó dáadáa. Mo ti dárí jì ọ́.

Lẹ́yìn ilé, ọ̀dùnkún ń bẹ nínú ilẹ̀,
ó pọ́n dúdú bí ẹ̀jẹ̀ àgùntàn.
Ó wú mẹ́ta. Ó nu ẹrẹ̀ wọn sí yẹ̀rì.
Kò sẹ́ni tó bi í pé èló.

Lisándro ọkọ rẹ̀ ló fi àgbá kẹ̀kẹ́ àti agolo mílíìkì
ṣe ẹ̀rọ sínú odò kékeré.
Lisándro kú. Odò kò gbọ́.
Ẹ̀rọ ṣì ń yí, krọ̀, krọ̀, bí àgbà tó ń wúkọ́,
ó sì ń tan gílóòbù kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ mànàmáná gúnlẹ̀,
ó fi ọ̀rá wé ìwé rẹ̀ nítorí òjò.
"Màmá, a fẹ́ ri òpó mọ́bí."
Ersília gbé búrẹ́dì gbígbóná síwájú rẹ̀.
Ó jẹ mẹ́ta kó tó rántí òpó.
"Odò mi," obìnrin náà wí, "kì í mú ìwé gbèsè wá lóṣooṣù."
Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ká ìwé.
Ó fi páálí ìṣáná méjì gba ìbọ̀sẹ̀ onírun fọ́mọ rẹ̀.

Ẹ má rò pé kò nílò ẹnikẹ́ni o.
Iyọ̀ ò ṣeé gbìn, ìṣáná ò ṣeé hun.
Bí ọkọ̀ ojú omi Baamọ́ńdè bá fọn fèrè,
á gbé wàràkàṣì sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi.
"N ò dá wà," ló máa ń wí.
"Mo kàn mọ iye tí mo jẹ,
mo sì mọ ojú ẹni tí mo jẹ ẹ́."

Lálẹ́, á tan gílóòbù, á hunṣọ díẹ̀, á tún pa á,
kó lè gbọ́ ẹ̀rọ náà dáadáa.
Krọ̀, krọ̀.
"Lisándro, ó tó gẹ́ẹ́. Lọ sùn."
Kì í gbọ́ràn.