Ọdún Bàbá Mi Nínú Ẹrẹ̀

Reijo fi ẹ̀rọ lu yìnyín ní ihò,
omi dúdú yọjú bí ẹyinjú.
A ti páìpù gígùn wọ inú ẹrẹ̀
láìpariwo, bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ bọ́tà.
Nígbà tí a fà á jáde, ọgọ́rùn-ún ọdún Hirsilahti
dúró lóòró nínú gíláàsì,
kò ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta.

Òkè rẹ̀ pọ́n bí irin tó dípẹtà.
Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń rùn bí ẹyin ọ̀bu,
lẹ́búlẹ́bú pákó sì wà láàárín.
Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n.
Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélógún: ibẹ̀ ni bàbá mi wà.

Kì í ṣe òkú rẹ̀. Taisto sùn sí itẹ́ òkú ìjọ.
Ọdún rẹ̀ ni mo ń wí, ìgbà tó ń ri pákó bọ ọpọ́n oògùn
kó má baà bu kó tó dé òkè òkun.
Ọwọ́ rẹ̀ a lé ròrò, ìyá mi a fi ọ̀rá màlúù pa á.
Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n a da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọpọ́n sómi.
Ta ló bèèrè? Òkun tóbi.

Oró kọ̀ọ̀kan ló ní ìtẹ̀ka tirẹ̀.
Ti iléeṣẹ́ bébà yàtọ̀, ti epo ọkọ̀ yàtọ̀,
bí olùkọ́ ṣe ń mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ.
Ọdún mẹ́jọ ni mo fi tọ ipasẹ̀ eléyìí
láti ẹnu odò dé ẹsẹ̀ afárá,
títí ó fi mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìlagi
tí mo ti máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un.
Wọ́n ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.
Èmi kò sọ òkò.
Mo kàn ń wá ibi tí òkò ti wá ni.

Ìgò mọ́kànlá wà nínú òkùnkùn yàrá ìdánwò.
Mo dé wọn pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé,
nítorí àwọn tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ afẹ́fẹ́:
kòkòrò tí ojú kò lè rí,
oró bàbá mi ni wọ́n ń mí.
Wọ́n ń já kilorínì kúrò lára rẹ̀, ẹyọ kan,
wọ́n á sinmi, bóyá fún ọdún kan,
wọ́n á tún já òmíràn,
bí òun náà ṣe ń tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀
lọ́dún tó kẹ́yìn, tí n kò gbọdọ̀ bá a tú u.

Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún wọn.

Ní gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n ní ká gbẹ́ gbogbo rẹ̀ dànù.
Mo ní: dànù síbo?
Ẹ rú omi tó ti tòrò, ohun tó sùn á jí.
Ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ tuntun bò ó.
Pentti apẹja dìde, fìlà lọ́wọ́:
"Ìgbà wo la máa jẹ ẹja wa?"
Mo wo ìwé mi. Mo wo ojú rẹ̀.
Mo ní: ọmọ ọmọ yín, bóyá.
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun kò bímọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo bu díẹ̀ nínú mọ́kànlélógún
sínú ìgò kejìlá.
Mo kọ ọjọ́ sí i lára, n kò kọ orúkọ.
Mo gbé e ti àwọn yòókù, mo rọra pa ilẹ̀kùn dé,
bí ẹni tí kò fẹ́ dí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́.