Ekòló Kò Mọ Gbèdéke

Wọ́n ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un.
Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò dé Oulu rí ní oṣù kìíní ọdún.
Ilẹ̀ ibẹ̀ ti pa ẹnu dé láti oṣù kọkànlá,
Hilkka Moilanen sì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá odò.
Ó ti fi ṣọ́bìrì bẹ̀ ẹ́,
ó ti fi dígà bẹ̀ ẹ́,
ó da kọfí gbígbóná inú fúláàsì rẹ̀ sí i.
Ilẹ̀ gba kọfí. Ó tún ẹnu pa dé.

Ọdún karùn-ún rèé tó ti ń tọ ekòló lẹ́yìn
kí wọ́n lè máa pè é ní dókítà,
dókítà tí kò lè wo ibà.
Ìyá rẹ̀ ní Kemi ò béèrè ọkọ mọ́,
ohun tó ń béèrè lórí fóònù ni pé,
“Àwọn kòkòrò yẹn, ṣé wọn ò tíì tán ni?”

Wọ́n kúkú ti ń tán.
Ọgọ́fà ló kó sínú àpótí amóoru.
Ọgbọ̀n kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo.
Kì í ṣe pé iná lọ, iná kì í lọ níbẹ̀:
Jarkko ló yọ wáyà àpótí kúrò lára ògiri
kó lè ṣáàjì fóònù.
Ó bẹ̀bẹ̀. Ó ra kéèkì.
Mẹ́rìnlélógún sá lọ,
a ò sì tíì mọ bí ohun tí kò lẹ́sẹ̀ ṣe ń sáré.
Mẹ́rìndínláàádọ́rin tó kù, omi ti pa nọ́ńbà ara ike wọn rẹ́,
kò sẹ́ni tó lè ya Lágbájá kúrò lára Tẹ̀mẹ̀dù.

Síbẹ̀ ó fún wọn ní ìṣirò.
Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ààlà tí kò gbọdọ̀ kọjá.
Tirẹ̀ jẹ́ márùn-ún ó lé díẹ̀,
díẹ̀ tí kò tó ìrù ekòló,
bí ekòló bá tiẹ̀ ní ìrù.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Aulis fèsì láti àpérò kan ní Madeira,
níbi tí oòrùn wà, tí ilẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ:
“Ó dára. Wá ekòló sí i. Tún un kọ.”

Ó tún un kọ.
Ó sọ ọ́ ní Ìkẹyìn,
lẹ́yìn náà Ìkẹyìn Tòótọ́,
lẹ́yìn náà Ìkẹyìn Mo Bẹ̀ Yín.
Olùyẹ̀wò kìíní ní iṣẹ́ náà wu òun.
Olùyẹ̀wò kejì (a kì í dárúkọ rẹ̀, òun náà kì í dárúkọ ara rẹ̀)
béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe ejò.
Ó ní ó yẹ kó ka ìwé méje kan.
Méjèèje, orí ejò ni.
Méjèèje, ẹnì kan náà ló kọ wọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nínú oru sáúnà,
Màmá Kyllikki bi í pé kí ló ń bà á nínú jẹ́.
Ó ròyìn. Màmá da omi sórí òkúta, èéfín sọ.
“Ekòló? Ààtàn ẹ̀yìn ilé mi kì í dì.
Wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sanra jù mí lọ.”

Tówẹ́ẹ̀lì nìkan ló wà lára Hilkka nígbà tó dé ààtàn náà.

Aago mọ́kànlá òru, ó wọ aṣọ,
ó gbé ogójì ekòló mọ́ra lábẹ́ kóòtù kí wọ́n má baà kú,
ó fi káàdì kan ilẹ̀kùn ilé ìwádìí.
Pupa. Ó tún fi kàn án. Pupa.
Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ti parí ní oṣù kejìlá,
ẹnikẹ́ni ò rántí sọ fún un.
Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń júbà ilẹ̀kùn,
ekòló ń rìn ín ní ikùn.

Ilẹ̀kùn lanu.
Jarkko ni, fóònù lọ́wọ́.
“Jọ̀ọ́, Hilkka, ṣé o ní ṣájà?”