Kọ́kọ́ Léfòó

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà yí adágún Padarn ká.
Mo mọ ajá tó ń gbó tí kì í gé ni jẹ,
mo mọ èyí tó ń gé ni jẹ láì gbó,
àmọ́ mi ò mọ omi.
Láti orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń kí i.

Ìyá mi ní omi kì í gbé ẹni tí kò bá fẹsẹ̀ kàn án.
Mo gbà fún un títí mo fi di ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta,
tí ilé-iṣẹ́ lẹ́tà gba àpò wọn padà,
tí èjìká mi wá ń wá ohun tí yóò gbé.

Heledd ló ń kọ́ wa.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni mo mú káàdì ọjọ́ ìbí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn;
lónìí, òun ló ń so okùn mọ́ mi nídìí bí ẹni ń so ewúrẹ́.
"Mererid, bí okùn bá há sí gbòǹgbò lábẹ́ omi,
bọ́ọ̀lù pupa yìí ni kí o fà."
Mo fà á. Ó tú. Mo so ó padà.
Ó ní kí n dijú, kí n tún un ṣe.

Kí a tó gbé pátákó kúrò nílẹ̀, ó ní kí a wo igi.
Omi ẹsẹ̀ ilé a máa parọ́, ó ní:
òkè bò ó, ó tẹ́ bí ẹní,
ṣùgbọ́n níwájú, níbi tí òkè ti là,
atẹ́gùn ń dúró deni bí agbowó orí.
Atẹ́gùn tó ń tì ọ́ lẹ́yìn kúrò nílé,
ọ̀rẹ́ àlọ ni, kì í ṣe ọ̀rẹ́ àbọ̀.

Lókè orí wa, òkè síléètì dúdú, wọ́n ti gé e ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn,
irú síléètì tí ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ fi ń kọ A, B, D.
Bàbá mi gé nínú rẹ̀ títí ikọ́ fi mú un lọ.
Òun náà kò mọ omi.

Lẹ́yìn náà, ó ní kí a ṣubú.
Ṣubú, kẹ̀? Mo sanwó kí n lè dúró!
Idwal fẹ̀yìn ṣubú bí ilẹ̀kùn.
"Mererid, má forí bẹ́ sí i. Ṣubú gbalaja, jìnnà sí pátákó,
o ò mọ bí omi ṣe jìn tó."

Gbàù.

Òtútù yẹn kì í ṣe òtútù. Ọwọ́ ni.
Ó di àyà mi mú, ó gba èémí mi bí ẹni ń gba gbèsè,
mo fẹ́ pariwo, mo fẹ́ gun ohunkóhun,
ohùn Heledd sì ń bọ̀, kò yára, kò lọ́ra:
"Má ṣe nǹkan kan. Kọ́kọ́ léfòó.
Fẹ̀yìn lé omi, kí o máa kà."
Mo kà á bí mo ṣe ń pín lẹ́tà:
ilé kìíní, oníbúrẹ́dì; ilé kẹta, àwọn Parri;
ilé kọkànlá, opó tí kì í rí lẹ́tà gbà
tí mo sì ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ síbẹ̀.
Ibẹ̀ ni èémí ti bá mi.

Okùn fà mí nídìí. Pátákó kò sá.
Má fi í sílẹ̀ láé, Heledd ní,
bó ti wù kí etí omi jọ pé ó súnmọ́.
Ọwọ́ sí àárín rẹ̀, ẹsẹ̀ sókè lẹ́yìn, máa ta á.
Lákọ̀ọ́kọ́ mo yọ̀ padà. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀wù ìléfòó há.
Lẹ́ẹ̀kẹta mo balẹ̀ sórí rẹ̀ bí ẹja lórí àtẹ,
mo ń rẹ́rìn-ín, imú mi ń ṣomi.

Nígbà tí igi òdìkejì bẹ̀rẹ̀ sí í yí inú ewé síta,
kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo kúnlẹ̀.
Idwal ṣì dúró gangan bí òpó iná.
Mo fọn fèrè, mo na àjẹ̀ sí àwọn igi.
Ó wò mí. Ó ṣubú.
Mo rí i tó fẹ̀yìn lé omi, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́.
Mi ò mọ ohun tí òun ń kà.